Áàpù mi ń gbé backup lọ sórí Google Drive dáadáa, tó bá ti di ọjọ́ kẹjọ á kọ̀ jálẹ̀: invalid_grant

Akóòdù_Òru

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Mo ní áàpù kékeré kan tí mo fi Python kọ, iṣẹ́ ẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: aago méjì òru lójoojúmọ́, kó kó database wa, kó dì í pọ̀, kó gbé e lọ sórí Google Drive. Orí sáfà ló wà, kò sẹ́ni tó máa jókòó tì í. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, láptọ́ọ̀pù mi ni mo ti ṣí bùráwúsà, mo wọlé sí àkáǹtì mi, mo tẹ Allow, ó fún mi ní token.json, fáìlì tí àṣẹ ìwọlé wà nínú ẹ̀, mo wá ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn sórí sáfà, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ti lọ sọ fún ọ̀gá mi pé ó ti parí.

Ọjọ́ méje péré ni ayọ̀ yẹn fi pẹ́. Ní ọjọ́ kẹjọ mo ṣí log, ohun tí mo bá níbẹ̀ rèé:

RefreshError: invalid_grant: Token has been expired or revoked.

Mo pa token.json rẹ́, mo tún wọlé, ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kú. Ìgbà kẹta rèé. Mi ò fọwọ́ kan kóòdù o, mi ò pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù, mi ò ṣe nǹkan kan. Kóòdù náà nìyí, ẹ bá mi wò ó:

SCOPES = ['https://www.googleapis.com/auth/drive']
client_secret = '* mo ti yọ ọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ *'

Bàbá_Linux

Aago. Kọ́kọ́ wo aago sáfà ẹ. Mo ti rí invalid_grant tó jẹ́ pé aago tó sá síwájú ló fà á, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá a kiri. Tẹ timedatectl, wò ó bóyá ó ń bá NTP rìn, ìyẹn ètò tó ń tún aago kọ̀ǹpútà ṣe láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá_Sáfà

Akóòdù, kó o tó ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni níbí, padà sókè lọ yọ client_secret tó o lẹ̀ síta yẹn, ọ̀rọ̀ àṣírí tí áàpù ẹ fi ń fi ara ẹ̀ han Google. Yíyọ nìkan ò sì tó o, àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń ṣa nǹkan báyìí kì í sùn, o ò mọ èyí tó ti kà á. Lọ sí console Google Cloud, ṣe secret tuntun sórí client yẹn kan náà, fi sínú áàpù ẹ, kó o wá pa ti àtijọ́. Tó bá jẹ́ pé o ti ti fáìlì yẹn sórí git, pípa á rẹ́ nínú commit tuntun ò ràn án, torí inú ìtàn repo ló ṣì wà, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá á rí i. Pààrọ̀ ẹ̀ ni ọ̀nà àbáyọ.

Tó o bá ṣe ìyẹn tán, dá mi lóhùn ìbéèrè kan: níbi OAuth consent screen, ìyẹn ibi tó o ti ṣètò ojú ìwé tí Google fi ń béèrè Allow, kí ni wọ́n kọ síbi Publishing status? Testing àbí In production?

Akóòdù_Òru

Yéè! Mo ti yọ ọ́ mà, mo sì ti pààrọ̀ ẹ̀. Ojú tì mí díẹ̀.

Bàbá_Linux, mo ti wo aago, kò síṣẹ̀ẹ́jú tó yẹ̀.

Mọ́mì, Testing ló wà níbẹ̀, User type jẹ́ External. Àmọ́ ṣebí èmi nìkan ni mò ń lò ó? Mo fi ímeèlì ara mi sínú test users, mo rò pé Testing ló yẹ ẹni tí kò ní oníbàárà.

Ìyá_Sáfà

Òun nìyẹn, a ti mú un.

Jẹ́ n tú u palẹ̀ torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó sí i. Nígbà tó o tẹ Allow, nǹkan méjì ni wọ́n kó fún ẹ. Èkínní ni access token, òun ni áàpù ẹ ń fi han Drive nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbé fáìlì, ẹ̀mí ẹ̀ ò gùn, bíi wákàtí kan ni. Èkejì ni refresh token, ìyẹn kì í bá Drive sọ̀rọ̀ rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín tókìnì ló ń lọ, á lọ sọ pé "èyí tẹ́ ẹ fún wa lẹ́ẹ̀kan ti kú, ẹ fún wa ní òmíràn", wọ́n á sì fún un láì yọ ẹ́ lẹ́nu pé kó o tún wá tẹ Allow. Nítorí náà ojoojúmọ́ ni access token ẹ ti ń kú láti ọjọ́ kìíní, refresh token ló ń bò ẹ́ láṣìírí. Ọjọ́ tí òun fúnra ẹ̀ kú lo tó rí ẹ́rọ̀.

Ohun tó pa á rèé: áàpù tó bá jẹ́ External tó sì wà ní Testing, ọjọ́ 7 ni refresh token ẹ̀ ń lò láyé, àfi tó bá jẹ́ pé orúkọ, ímeèlì àti profile nìkan ló bèèrè. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àlàyé wọn, kóòdù ẹ ò jẹ̀bi. Ìdánwò ni wọ́n ní ká fi Testing ṣe, ìwọ wá ń fi ṣe iṣẹ́ alẹ́.

Ohun míì tún wà tó lè pa á o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kà á lọ́jọ́ míì: kéèyàn má lò ó fún oṣù 6, kí ẹni tó ni àkáǹtì lọ yọ áàpù yẹn kúrò nínú sẹ́tìńgì ẹ̀, tàbí kéèyàn máa wọlé léraléra bíi ẹni tí nǹkan ń ṣe. Àkáǹtì kan sí client ID kan (ìdánimọ̀ áàpù lọ́dọ̀ Google), 100 refresh token ni òpin ẹ̀, tó o bá gba ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún, èyí tó pẹ́ jù á kú láì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kóòdù_ò_purọ́

Mi ò mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń dààmú ara yín. Áàpù tó ń dá ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kí ló kan Allow? Service account ni kó o lò, àkáǹtì tí wọ́n ṣe fún áàpù, kì í ṣe fún èèyàn. Wọ́n á fún ẹ ní kọ́kọ́rọ́ JSON, àkáǹtì yẹn á ní ímeèlì tiẹ̀, o kàn máa ṣí fódà ẹ fún ímeèlì yẹn gẹ́gẹ́ bí Editor, ó tán. Kò sí consent screen, kò sí ọjọ́ méje. Tèmi ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́ láì ṣe wàhálà kankan.

Akóòdù_Òru

Ẹ̀gbọ́n mo ṣe é bẹ́ẹ̀ lálẹ́ àná. Ó wọlé o, ó rí fódà, mo tiẹ̀ rí orúkọ fódà náà nígbà tí mo ní kó to ohun tó rí. Ìgbà tó wá ku kó gbé fáìlì:

403 storageQuotaExceeded: Service Accounts do not have storage quota.

Àyè pọ̀ rẹpẹtẹ nínú Drive mi o, mi ò tíì lo ìdajì.

Àdàbà_dev

Àyè tìẹ kọ́ ni wọ́n ń wò. Ẹni ọ̀tọ̀ ni service account, kì í ṣe ìwọ. O ṣílẹ̀kùn yàrá fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù tó bá gbé wọlé, òun ló ni ín, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n máa kọ sí i, àyè tiẹ̀ sì ni wọ́n máa yọ ọ́ nínú ẹ̀. Kò wá ní àyè kankan. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè ka ohun tó wà nínú fódà ẹ tí kò sì lè gbé nǹkan sí i.

Ọ̀nà méjì ló gbé e gbà. Bóyá kó o gbé fáìlì sínú shared drive, Drive àjọlò ilé iṣẹ́, torí ohun tó bá wà níbẹ̀, shared drive ló ni ín, kì í ṣe ẹni tó gbé e wá. Tàbí kí alábòójútó domain yín fún service account ní domain-wide delegation, kó lè máa ṣe bíi pé ẹnì kan pàtó ló ń ṣe é. Google Workspace ni méjèèjì ń fẹ́ o. Gmail lásán ò ní ìkankan nínú ẹ̀.

Kóòdù_ò_purọ́

Hà. Shared drive ilé iṣẹ́ wa ni tèmi ń gbé e sí lóòótọ́, mi ò tiẹ̀ rántí. Ẹ má bínú.

Akóòdù_Òru

Gmail lásán ni tèmi. Ṣé mo ti há báyìí?

Ìyá_Sáfà

O ò há rárá. Padà sí OAuth tó o ń lò tẹ́lẹ̀, kó o gbé áàpù náà kúrò ní Testing lọ sí In production. Àmọ́ dúró ná, wo SCOPES tó o kọ, ìyẹn àyè tí áàpù ń bèèrè. auth/drive lo bèèrè, ìyẹn ni pé o fẹ́ ka gbogbo fáìlì tó wà nínú Drive èèyàn, kó o tún un kọ, kó o sì pa á rẹ́. Restricted ni wọ́n ka ìyẹn sí, tó o bá gbé áàpù tó ń bèèrè ẹ̀ síta, wọ́n á máa fi ìkìlọ̀ han ẹni tó bá fẹ́ wọlé, wọ́n á sì ní kó o wá ṣe verification. Kí ni backup ń fi gbogbo ìyẹn ṣe? Fáìlì tí òun fúnra ẹ̀ bá gbé sókè nìkan ló yẹ kó kàn án.

drive.file ni kó o lò. Kò sí lára àwọn tí wọ́n ń pè ní sensitive tàbí restricted. Tí tókìnì yẹn bá sì bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́la, ohun tó lè rí ò ju backup ẹ lọ, kò ní rí àwòrán ìdílé ẹ, kò ní rí ìwé iṣẹ́ ẹ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ gba ṣíbí kan, kí ló fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé ṣe.

Tó o bá pààrọ̀ scope, pa token.json àtijọ́ rẹ́ kó o tún wọlé. Scope àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe èyí tó wà nílẹ̀, tó o bá bèèrè òmíràn pẹ̀lú ẹ̀ invalid_scope lo máa rí, wàá tún padà wá bá wa níbí.

Sùúrù_ni_tèmi

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ gba ẹnu yín sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó jọra. Tèmi kò tiẹ̀ fún mi ní refresh token rárá, access token nìkan ló wà nínú ohun tí mo gbà. Àná ó fún mi, lónìí kò fún mi mọ́.

Àdàbà_dev

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èèyàn bá tẹ Allow nìkan ló máa ń fún ẹ, ìyẹn náà tó o bá fi access_type=offline sínú líǹkì. Ìgbà tó o tún padà wá, ó gbà pé o ti tọ́jú ti àkọ́kọ́. Fi prompt=consent kún un, á tún béèrè lọ́wọ́ ẹ̀, á sì fún ẹ ní òmíràn. Kó o wá tọ́jú ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí o.

Sùúrù_ni_tèmi

Ó ti wá! Ẹ ṣeun gan.

Akóòdù_Òru

Mo ti padà dé, mo sì tún gbé wàhálà dání, ẹ má lé mi o.

In production, mo ti ṣe é. drive.file, mo ti ṣe é. Mo pa token.json rẹ́, mo wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Ni mo bá rán an níṣẹ́, ó ní:

404 File not found

Fódà tí mo fi ID ẹ̀ sínú kóòdù ló ní òun ò rí. Fódà yẹn wà níbẹ̀! Mo ń wò ó pẹ̀lú ojú ara mi nínú bùráwúsà!

Àdàbà_dev

Ìwọ ń wò ó, áàpù ò rí i. Ohun tí drive.file túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: ohun tí áàpù yìí fúnra ẹ̀ bá dá sílẹ̀, tàbí ohun tí o bá fọwọ́ ara ẹ mú fún un nípasẹ̀ Google Picker, fèrèsé tí èèyàn fi ń yan fáìlì. Ọwọ́ ẹ lo fi dá fódà yẹn sílẹ̀, nítorí náà lójú tiẹ̀ kò sí láyé. Ó tiẹ̀ dáa tó jẹ́ pé 404 ló sọ, torí tó bá sọ 403 ó ti jẹ́ kí áàpù mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ nìyẹn.

Jẹ́ kí áàpù dá fódà tiẹ̀ sílẹ̀, fi mimeType sí application/vnd.google-apps.folder, kó o kọ ID tó bá dá padà fún ẹ síbì kan.

Akóòdù_Òru

Ó ti gbé e! Ó ti gbé e sókè! Mo sáré ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n lè dá ara mi lójú.

Mo wá ní fódà márùn-ún báyìí tí gbogbo wọn ń jẹ́ Backup.

Ìyá_Sáfà

Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo da omi síra. Drive ò kọ orúkọ kan náà, ID ló fi ń dá nǹkan mọ̀, fódà ọgọ́rùn-ún lè jẹ́ Backup nínú ibì kan náà. Wá a kó o tó dá a: fi files.list bèèrè bóyá fódà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà tí kò sí nínú trash, tó bá wà lo ID ẹ̀, tí kò bá sí ni kó o dá tuntun. Tàbí kó o kàn tọ́jú ID sínú fáìlì config bí Àdàbà ṣe wí.

Báwo ni fáìlì ẹ ṣe tóbi tó?

Akóòdù_Òru

Bíi 3 GB, ó ń pọ̀ sí i lóṣooṣù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ máa ń já nígbà míì.

Ìyá_Sáfà

Nígbà náà resumable upload ni kó o lò, èyí tó ń gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ò ju fáìlì 5 MB lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ fún ẹ ní líǹkì kan, wàá wá máa gbé fáìlì náà lọ ní ègé-ègé, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já wàá bèèrè ibi tó dé, wàá sì máa bá a lọ láti ibẹ̀. Ègé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 256 KB, àfi èyí tó kẹ́yìn. Líǹkì yẹn ń lo ọ̀sẹ̀ kan. Tí access token bá kú láàárín kan, láíbúrárì Python á gba tuntun fúnra ẹ̀, ìyẹn ò kàn ẹ́.

Kóòdù_ò_purọ́

Ìbéèrè kan ṣoṣo: gbogbo ìgbà tó o bá fẹ́ wọlé, ṣé orí láptọ́ọ̀pù lo ṣì ń ṣe é kó o tó wá gbé token.json lọ? Mo rí ẹ̀kọ́ kan tó ní kéèyàn lo oob, kó da kóòdù kọ láti bùráwúsà sínú terminal.

Bàbá_Linux

Ẹ̀kọ́ àtijọ́ nìyẹn, oob ti kú láti 2023. Google ti dí i torí àwọn gbájú-ẹ̀ ló ń fi gba kóòdù lọ́wọ́ èèyàn. Localhost, ìyẹn kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀, ni wọ́n ń lò báyìí. Láti láptọ́ọ̀pù ẹ, fi ssh -L 8080:localhost:8080 wọ sáfà, jẹ́ kí run_local_server lo port 8080, fi open_browser sí False, da líǹkì tó bá gbé jáde kọ sínú bùráwúsà láptọ́ọ̀pù ẹ. Token.json á bẹ̀rẹ̀ ayé ẹ̀ lórí sáfà, kò ní rìn kiri. Tó bá sì ti débẹ̀, chmod 600, kí ẹlòmíì má lè kà á.

Òyìnbó_kọ́_ni_mí

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ń kọ áàpù fóònù tí àwọn èèyàn ń fi gbé àwòrán lọ sí S3, ibi ìtọ́jú fáìlì Amazon. Mo fi access key àti secret sínú áàpù náà, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tí mo kà lókè yìí ti ń já mi láyà.

Àdàbà_dev

Kó já ẹ láyà dáadáa. Ẹni tó bá wa áàpù ẹ sórí fóònù ẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ yẹn, títú APK palẹ̀ ò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Pa kọ́kọ́rọ́ yẹn lónìí.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Kọ́kọ́rọ́ á dúró lórí sáfà ẹ. Fóònù á wọlé sí sáfà ẹ bí ó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀, á ní "mo fẹ́ gbé àwòrán kan", sáfà á wò ó bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, á ṣe presigned URL fún un, líǹkì tó ní ìfọwọ́sí nínú, tó jẹ́ ti fáìlì kan ṣoṣo, tí yóò sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Fóònù á fi PUT gbé àwòrán tààrà lọ sí S3, àwòrán ò gba inú sáfà ẹ kọjá rárá. S3 gbà kí líǹkì yẹn lò tó ọjọ́ 7, ìwọ má fún un ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣe é náà, s3:PutObject nìkan ni kó o fún un, sí bucket (àpótí fáìlì S3) yẹn nìkan. Tó o bá sì fi Content-Type sínú ìfọwọ́sí, irú ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí fóònù fi ránṣẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ SignatureDoesNotMatch lo máa rí.

Olóòtú

Òyìnbó_kọ́_ni_mí, ìbéèrè ẹ dáa ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí kó o ṣí àkòrí tìẹ. Mo fi í sílẹ̀ torí ìdáhùn Àdàbà.

Akóòdù_Òru

Ọjọ́ kọkànlá rèé, backup mọ́kànlá ló wà nínú fódà Backup kan ṣoṣo! Mo sì ti jẹ́ kó máa fi ímeèlì ránṣẹ́ sí mi tó bá kọ̀, torí tẹ́lẹ̀ àfi tí mo bá fúnra mi ṣí log. Kí n lè mọ̀ bóyá ímeèlì yẹn ń ṣiṣẹ́, mo lọ fọwọ́ ara mi yọ áàpù náà kúrò nínú sẹ́tìńgì àkáǹtì mi ní ìrọ̀lẹ́ àná. Aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú kan, fóònù mi dún, invalid_grant. Mi ò rò pé inú mi tún lè dùn láti rí ọ̀rọ̀ yẹn láyé. Mo ti wọlé padà láàárọ̀ yìí, mo sì ti gbé ti òru náà. Mọ́mì, Àdàbà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n gbogbo, ẹ ṣé gan-an.

Òyìnbó_kọ́_ni_mí

Olóòtú ẹ forí jì mí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù. Mo ti ṣe presigned URL, ìṣẹ́jú 15 bí Àdàbà ṣe wí. Gbogbo líǹkì ló ń sọ "Request has expired", kódà tí mo bá lò ó lójú ẹsẹ̀ tí sáfà gbé e jáde. Ó ń kú kí wọ́n tó bí i.

Bàbá_Linux

Tẹ timedatectl.

Òyìnbó_kọ́_ni_mí

…Ìṣẹ́jú 20 ni sáfà mi fi rẹ̀yìn. Mo ti tan NTP, ó ti ń gbé àwòrán.

Bàbá_Linux

Aago.